Ẹni Tó Ń Kanlẹ̀kùn Látinú

Ẹ̀rín ni Bàbá Kékeré ń rín lọ́wọ́ nígbà tí Àlejò kí i. Ó jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń jókòó lé bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, ó gbé rédíò kan tí wọ́n ní kó bá wọn tún ṣe lé itan, ó sì ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì pa ojú àwọn èèyàn rẹ́ lọ. Ọjọ́ kan ni ìyá kan á wọlé síbí, á ní ọmọ tóun bí kọ́ lẹ yà."

"Ẹnu ẹ yìí ni kò jẹ́ kó o tètè parí iṣẹ́," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ onífọ́tò fèsì. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Kọ̀ǹpútà ti dé, àwọn onífọ́tò yòókù sì ti ń lò ó, àmọ́ òun ṣì fẹ́ràn kó máa fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tọ́jú ojú èèyàn lórí bébà.

Ọmọ onífọ́tò yìí obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Ìbéèrè, wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi sísọ́ọ̀sì gé etí fọ́tò. Ìbéèrè kọ́ lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ o. Bàbá Kékeré ló fún un lórúkọ yẹn nígbà tó ṣì ń tẹ̀lé e kiri, tó ń bi í pé ta ló wà nínú rédíò, ibo lonítọ̀hún ń sùn sí, ta ló ń fún un lóúnjẹ. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn lára, kò ṣeé bọ́ mọ́. Ó ti wà ní kíláàsì àṣekágbá báyìí, ìdánwò sì kù sí dẹ̀dẹ̀.

Lójijì, ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Bàbá Kékeré gbé ọwọ́ lé àyà bí ẹni tó ń wá bírò nínú àpò. Fáànù ń fẹ́ sí i lára, síbẹ̀ òógùn yọ níwájú orí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ó jọ pé Àlejò kí mi."

Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ Ìbéèrè.

Nínú ilé náà, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi ṣeré. Àwọn ọkùnrin ilé nìkan ni wọ́n ní Àlejò máa ń kí. Ó kí bàbá tó bí onífọ́tò, ó kí àbúrò bàbá rẹ̀, ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Á kọ́kọ́ tẹ èèyàn láyà mọ́lẹ̀, á gba èjìká òsì sọ̀ kalẹ̀ sí apá, nígbà mìíràn á gun àgbọ̀n. Ọkùnrin tí irun orí rẹ̀ ò tíì funfun á sì ti di olóògbé kí oòrùn tó wọ̀. Òfin ilé lórí ọ̀rọ̀ náà ò gùn. Ẹni tí Àlejò bá kí, wọ́n á mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ òun nìkan. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wo ojú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá a lóhùn, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó bá wo ojú rẹ̀ ni Àlejò á yà kí lọ́jọ́ mìíràn. Bí Àlejò ò bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀, bóyá á sú u, á sì máa lọ.

"Ṣé ó ti sú u rí?" Ìbéèrè bi Ìyá Ńlá bẹ́ẹ̀ nígbà kan tó wà ní kékeré. Ìgbájú ni ìdáhùn tó gbà.

Ìyá Ńlá ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin. Ìyá tó bí Ìbéèrè ti kú kí ọmọ náà tó mọ ìrìn rìn, Ìyá Ńlá ló sì wò ó dàgbà. Bó bá ti sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn, ọ̀rọ̀ parí. Ó jáde láti ilé ìdáná lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀. Kò pariwo, kò sáré, kò sunkún. Ohun tó ba Ìbéèrè lẹ́rù jù nìyẹn. Ó di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú bí ẹni tó ń mú ọmọ lọ síléèwé, ó sì ń mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Onífọ́tò kọjú sí ògiri kó má bàa wo àbúrò rẹ̀ lójú.

Bàbá Kékeré yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. "Ìbéèrè," ó ní, "bá mi pa rédíò yẹn. Bátìrì ẹ̀ á tán."

Ilẹ̀kùn tì. Ìyá Ńlá gbé ọwọ́ Ìbéèrè lé ọwọ́ ilẹ̀kùn. "Di ibí mú. Mò ń lọ ti ẹnu ọ̀nà iwájú kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Ohun yòówù kó o gbọ́, má ṣí i. Kì í ṣe bàbá ẹ kékeré ni. Àlejò ni."

Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ọ.

Kó. Kó, kó.

Kì í ṣe ibi tí èèyàn tó dúró ti máa ń kan ilẹ̀kùn ni ìró náà ti wá. Ìsàlẹ̀ ni, nítòsí orúnkún rẹ̀. Gbogbo irun ara Ìbéèrè dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Bàbá Kékeré?"

Ìró náà wá yára, kó-kó-kó-kó, bí ẹni pé ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìbéèrè fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Nígbà tó yá, ìró náà falẹ̀. Ó kan lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dúró pẹ́, ó tún kan lẹ́ẹ̀kan. Kò kàn mọ́.

Ìbéèrè ò ṣí i.

Ìyá Ńlá ló padà wá ṣí ilẹ̀kùn, ó sì ní láti tì í kó tó ráyè wọlé. "Àlejò ti lọ," ó ní, ó fi ìborùn bo ojú. "Ó mú un lọ." Nínú yàrá fọ́tò, rédíò ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni ò rántí pa á, ó sọ̀rọ̀ títí bátìrì rẹ̀ fi tán.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ránṣẹ́ pe káfíńtà tó wà ní òdìkejì òpópónà kó wá fá ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, kó sì tún un kùn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn lẹ́yìn gbogbo ikú báyìí. Káfíńtà ti di àgbàlagbà, ó mọ ilé náà dáadáa, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi.

"Ilẹ̀kùn yín yìí ń yà mí lẹ́nu," ó ní, ó fi ọwọ́ ra igi náà. "Ìta ẹ̀ dán bíi dígí. Inú ẹ̀ nìkan ló máa ń bàjẹ́, nísàlẹ̀ níbí."

"Eku ni," ni Ìyá Ńlá wí.

"Eku! Eku ilé yín mà lágbára o." Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ò rí ẹni bá a rín in, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì ń kùn ún.

Láti ọjọ́ náà, ìró yẹn ò fi Ìbéèrè sílẹ̀. Bó bá forí lé ìrọ̀rí, á gbọ́ ọ nínú etí: kó, kó, kó. Bí tíṣà bá dákẹ́ ní kíláàsì, á gbọ́ ọ. Á gbé ọwọ́ lé àyà, á rí i pé ọkàn òun ló ń lù, ẹ̀rù á sì tún bà á jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í gba iwájú yàrá ẹ̀yìn kọjá mọ́ láìsé mí. Ó mọ ohun tó ń dùn ún, kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni: ó pe Bàbá Kékeré, nǹkan kan dá a lóhùn, òun sì di etí.

Lọ́jọ́ kan, ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń tọ́jú fọ́tò àbúrò rẹ̀ kó lè gbé e kọ́ sára ògiri láàárín àwọn òkú ilé. Gbogbo àwọn ọkùnrin náà ló wà níbẹ̀, ojú wọn mọ́ tónítóní, wọ́n jọra wọn débi pé ẹ̀rù máa ń ba àwọn oníbàárà kan láti jókòó kọjú sí wọn. Onífọ́tò ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà, ó ń pa kókó kékeré kan rẹ́ ní ìpéǹpéjú àbúrò rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Kókó náà pupa rúsúrúsú.

"Kí lẹ ṣe ń pa á rẹ́, Bàámi?"

"Àbùkù ni. A kì í fi àbùkù sílẹ̀ lójú òkú."

"Ṣé àwọn tó wà lára ògiri náà ní in?"

Bàbá rẹ̀ yọ awò ojú rẹ̀. "Gbogbo wa la ní in." Lóòótọ́, kókó méjì wà lójú tirẹ̀ náà. Ìbéèrè ti ń rí wọn láti kékeré, kò kàn fìgbà kankan wò wọ́n ni.

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni obìnrin kan wọlé, ó fẹ́ ya fọ́tò tí wọ́n á fi sára káàdì iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé ìwòsàn tó wà nísàlẹ̀ òpópónà. Ó jókòó sórí àpótí, ó tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ bọ́ sórí fọ́tò tó wà lórí tábìlì, tí wọ́n ti tọ́jú ojú kan, tí ìkejì ṣì kù. Ó wo fọ́tò náà, ó wo onífọ́tò, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta nìyẹn?"

"Àbúrò mi. Ó ti ṣaláìsí."

"Ṣé lójijì ni? Ṣé àyà ló dùn ún?"

Onífọ́tò gbé ojú sẹ́yìn kámẹ́rà. "Dókítà, ẹ gbójú sókè díẹ̀. Ẹ wo ibí." Iná kámẹ́rà bù yẹ̀rì.

Ìbéèrè sáré tẹ̀lé obìnrin náà jáde. "Kí lẹ rí lójú bàbá mi, mà?"

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Ìbéèrè ni wọ́n ń pè mí."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Orúkọ gidi. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà." Ó wá dúró lábẹ́ òjìji ilé kan. "Ọ̀rá ni àwọn kókó yẹn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló ń ṣàìsàn. Àmọ́ ilé tí ọkùnrin ti ń kú lójijì, tí wọ́n sì ní in lójú, mi ò lè rí i kí n panu mọ́. Mú bàbá ẹ wá kí n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Kí ìwọ náà wá."

Kò rọrùn. Onífọ́tò ní Ìyá Ńlá ò gbọdọ̀ gbọ́, ó ní ẹni tó bá ń wá Àlejò kiri á rí i. Ìbéèrè ò bá a jiyàn. Ó kàn bi í pé: "Bàámi, bí wọ́n bá tún ní kí n di ilẹ̀kùn mú, tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà nínú ẹ̀, kí ni kí n ṣe?" Lọ́jọ́ kejì, wọ́n sọ fún Ìyá Ńlá pé àwọn ń lọ ra bébà fọ́tò, wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Nígbà tí èsì dé, Dókítà pe àwọn méjèèjì jókòó. Onífọ́tò ti sọ ọ̀rọ̀ Àlejò fún un, pẹ̀lú ìtìjú.

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé, sà," ni Dókítà wí. "Àlejò kọ́ ló ń pa yín. Ọmọ onílé ni. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín tẹ́ ẹ jogún, bí èèyàn ṣe ń jogún imú tàbí ohùn. Ara ẹlòmíràn máa ń kó ọ̀rá tó bá pọ̀ jù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Tiyín kì í kó o tán. Á wá máa lẹ̀ mọ́ ara iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn. Ìyẹn nìkan kọ́. Ibi tó bá lẹ̀ mọ́, ara á rán àwọn ọmọ ogun ẹ̀ síbẹ̀, ìjà á bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ á wú, á máa gbóná. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Iná abẹ́ eérú ni. Àmọ́ èéfín ẹ̀ máa ń hàn nínú ẹ̀jẹ̀, òun la fi ẹ̀rọ wò. Ẹ mọ̀ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ọjọ́ tí ògiri iṣan yẹn bá lanu, ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀, ọ̀nà á dí, ọkàn ò ní rí ẹ̀jẹ̀ gbà mọ́."

"Tèmi ńkọ́?" ni onífọ́tò béèrè.

"Ọ̀rá yín pọ̀, èéfín yín náà sì pọ̀."

"Ọmọ mi ńkọ́?"

Dókítà yíjú sí Ìbéèrè. "Bí òbí bá ní in, ó lè kan ọmọ, ó sì lè fo ọmọ dá. Ní tìẹ, ó kàn ẹ́. Àmọ́ iná ò tíì ràn níbẹ̀, a ò sì ní jẹ́ kó ràn."

"Wọ́n ní àwọn ọkùnrin nìkan ló ń kí," ni Ìbéèrè wí.

"Ó máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin ni. Pé ó pẹ́ ò ní kó má dé."

Ìbéèrè jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ ìró yẹn nínú ara rẹ̀, kó, kó, kó. Gbogbo ìgbà tó ń sé mí níwájú yàrá ẹ̀yìn, inú òun gan-an ni nǹkan náà wà. Dókítà fún bàbá rẹ̀ ní oògùn tí á máa lò lójoojúmọ́. Ó fún un ní kékeré mìíràn lọ́tọ̀: bí àyà bá dùn ún, kó rún un lẹ́nu lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé e bọ̀. "Kò gbọdọ̀ dá wà," ó ní. "Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni ìyè."

Onífọ́tò kó oògùn náà sínú páálí fíìmù àtijọ́ kan, sẹ́yìn kámẹ́rà, níbi tí Ìyá Ńlá kì í dé. Ó lò ó dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, Ìbéèrè ń nu eruku níbẹ̀, ó gbé páálí náà, ó sì rí i pé oògùn inú rẹ̀ ò dín kù bó ṣe yẹ.

"Ara mi le," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, kí ló ń gbé oògùn mì fún? Ìyá Ńlá sì ti ń fura. Gbájú mọ́ ìdánwò ẹ, má dá wàhálà sílẹ̀. Má sì sọ fún Dókítà."

Ìbéèrè fẹ́ kí ilé tòrò títí òun á fi parí ìdánwò. Nígbà tó pàdé Dókítà lójú ọ̀nà, tí ìyẹn sì bi í pé ṣé bàbá rẹ̀ ń lo oògùn, ẹnu rẹ̀ kàn là: "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ń lò ó." Irọ́ náà jáde wẹ́rẹ́, ó tiẹ̀ ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò tó kẹ́yìn, onífọ́tò ní kó dúró kóun ya á nínú aṣọ iléèwé, torí kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Ìbéèrè dúró, ó ń rẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà gbéra, ó wá ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kúrò lójú bàbá rẹ̀, òógùn ti bo ojú náà, ó di àgbọ̀n rẹ̀ mú.

"Ìbéèrè," ó ní, "má wo ojú mi."

Kó tó mọ ohun tó máa ṣe, Ìyá Ńlá ti jáde láti ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀. "Máa lọ síléèwé," ó ní. "Èyí kì í ṣe tìẹ." Onífọ́tò náà mi orí pé kó máa lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ yàrá ẹ̀yìn.

Ìbéèrè lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: inú rẹ̀ dùn pé wọ́n ní kó lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní sí nídìí ilẹ̀kùn. Ìdánwò ń dúró dè é, àgbà ló pàṣẹ, ta ló máa bá a wí? Ó rìn kíákíá, ó di báàgì mọ́ àyà, kò wo ẹ̀yìn. Ó ti dé iwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà nígbà tó gbọ́ ọ, ní gbangba, nínú oòrùn àárọ̀.

Kó. Kó, kó.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kú mọ́lẹ̀. Ó yíjú. Káfíńtà ló ń kan ìṣó mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kan. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì ń kàn án nítòsí orúnkún, torí pé ibẹ̀ lọwọ́ rẹ̀ dé.

Ibẹ̀ lọwọ́ rẹ̀ dé. Ìbéèrè dúró, ó ń wo ọwọ́ náà. Ìró ọjọ́sí ti ìsàlẹ̀ wá nítorí pé ẹni tó ń kàn án ti ṣubú sílẹ̀. Eku ilé yín mà lágbára o. Yéè! Bàbá Kékeré ló ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ náà kàn án, gbogbo wọn pátá!

"Bàbá Káfíńtà!" Ó figbe ta. "Ẹ gbé ọkọ̀ yín! Bàbá mi ń kú lọ!"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ju báàgì sílẹ̀, ó sáré padà. Ìyá Ńlá wà nídìí ilẹ̀kùn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, ó ti di ojú. Láti ìsàlẹ̀, kó, kó.

"Ẹ ṣí i, Ìyá Ńlá!"

"Padà! Àlejò ni!"

"Ìta ni àlejò ti máa ń kan ilẹ̀kùn, Ìyá Ńlá! Ẹni tó bá ń kàn án látinú, ó fẹ́ jáde ni!"

Ìyá Ńlá la ojú. Ó wo ọmọ náà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí irin yẹn. Ọwọ́ náà dẹ̀. Ìbéèrè fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó wúwo, nítorí bàbá rẹ̀ sùn tì í. Ó ráyè já wọlé. Onífọ́tò wà nílẹ̀, ó fi ọwọ́ kan bo ojú kí ọmọ rẹ̀ má bàa rí i. Ìka ọwọ́ kejì ti bó.

Ìbéèrè ká ọwọ́ náà kúrò. Ó wo ojú bàbá rẹ̀ dáadáa. "Mo ti wò ó," ó ní, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Bó bá fẹ́ tẹ̀lé mi, kó máa bọ̀. Bàámi, ẹ yanu." Ó sáré lọ mú páálí fíìmù, ó fi oògùn kékeré sí i lẹ́nu, bàbá rẹ̀ rún un. Káfíńtà ti dé. Ẹ̀rín ò sí lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun àti Ìbéèrè gbé onífọ́tò sẹ́yìn ọkọ̀ láàárín pákó, wọ́n sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ó yè. Díẹ̀ ló kù kó kú, Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yè. Nígbà tó jáde wá sọ fún un, Ìbéèrè ò lè wo ojú rẹ̀. "Mo parọ́ fún yín, mà. Kò lo oògùn yẹn."

Dókítà fà á jókòó. "Apá kan ọkàn ẹ̀ ti kú, kò sì ní jí mọ́. Bó bá jẹ́ pé mo mọ̀ ni, bóyá ì bá má rí bẹ́ẹ̀." Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Àmọ́ ìwọ lo ṣí ilẹ̀kùn. Rántí méjèèjì."

Ó rántí méjèèjì lóòótọ́. Bàbá rẹ̀ ò lè gbé iná fọ́tò mọ́, bó bá rìn díẹ̀ á jókòó. Ìdánwò yẹn sì lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń múra yunifásítì, òun ń dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ó dùn ún, ó sunkún lórí ẹ̀, kò sì parọ́ fún ẹnikẹ́ni pé kò dun òun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé onífọ́tò lọ, Ìbéèrè padà wálé láti wá kó aṣọ bàbá rẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyá Ńlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀dà ti bó nísàlẹ̀, lábẹ́ ọ̀dà yẹn ni ọ̀dà mìíràn wà, lábẹ́ ìyẹn náà ni òmíràn wà. Ihò kéékèèké wà lára igi náà, òmíràn jìn, òmíràn ò jìn. Ìyá Ńlá ń ti oríkèé ìka rẹ̀ bọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọwọ́ bàbá mi nìyí," ó ní, ohùn rẹ̀ ò ju mímí lọ. "Mo kéré sí ẹ nígbà tí wọ́n ní kí n di ilẹ̀kùn mú." Ó gbé ìka lọ sórí òmíràn, eléyìí tí ọ̀dà orí rẹ̀ ṣì tuntun. "Èyí ni ti bàbá ẹ kékeré."

Ìbéèrè ò béèrè nǹkan kan. Ó jókòó tì í, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lẹ́yìn tí onífọ́tò padà sílé, Ìyá Ńlá fúnra rẹ̀ lọ bá Dókítà, ó ká apá aṣọ rẹ̀. "Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ mi," ó ní. "Ẹ bá mi wo ẹni tó ń gbé níbẹ̀." Káfíńtà wá yọ ilẹ̀kùn náà kúrò, ó ní òun ò gba owó. Yàrá ẹ̀yìn ò ní ilẹ̀kùn mọ́ títí dòní. Onífọ́tò tún fọ́tò àbúrò rẹ̀ tẹ̀, ó gbé e kọ́ pẹ̀lú kókó méjèèjì lójú. Bí oníbàárà bá sì béèrè pé kí nìyẹn, Ìbéèrè á jókòó tì í, á ṣàlàyé, á bi í pé ta ló ti kú lójijì nílé tiwọn.

Ó ṣì ń gbọ́ ìró yẹn nínú etí bó bá forí lé ìrọ̀rí. Kì í di etí mọ́. Oògùn tirẹ̀ wà lórí tábìlì níbi tí gbogbo ilé ti lè rí i, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ gbé wá fún wa kì í ṣe ẹ̀bi wa, a ò sì lè dá a padà. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ń kan ilẹ̀kùn látinú wa, ẹ má ṣe jẹ́ ká tì í pa nítorí ìtìjú tàbí nítorí òfin àgbà. Ẹ jẹ́ ká ṣí i, ká wo ojú rẹ̀, ká sì tètè wá ìrànlọ́wọ́, nítorí ẹni wa ló wà nínú yàrá yẹn.